Ọmọ mi ń gba kímò, gbogbo ohun tí mo bá ṣe ló ń bí i nínú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 34, tíṣà ni, ó ní jẹjẹrẹ ọyàn, ọsibítù UCH ló ti ń gba kímò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, ó sì ti kó wá sọ́dọ̀ mi ní Mọ́kọ́lá torí ibẹ̀ sún mọ́ ọsibítù ju ilé ọkọ ẹ̀ lọ. Mo ti pa ìsọ̀ mi tì ní Bódìjà nítorí ẹ̀, síbẹ̀ ojoojúmọ́ la ń jà. Ó ní n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sọ fún àbúrò mi, àbúrò mi sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, báyìí àwọn ìyá ìjọ ń rọ́ wá kí i, ó wá kọjú sí mi. Mo ro àmàlà, mo se gbẹ̀gìrì tó fẹ́ràn jù láyé, ó ní òórùn ẹ̀ ń mú òun bì. Mo ra àgbo lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ, ó dà á nù lójú mi. Ọjọ́ tó ní kí n bá òun fá irun tó kù lórí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, abẹ bọ́ sílẹ̀, òun tí ara ẹ̀ ò yá ló tún wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Jẹjẹrẹ ọyàn yìí náà ló pa ìyá tó bí mi. Ṣé èmi ni mo gbé e fún un ni?
Ìyá kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Màámi, ẹ kú ìtọ́jú o, Ọlọ́run á fún un lálàáfíà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa dùn yín. Ọ̀rọ̀ àìsàn yìí, ti ọmọ yín ni. Ó ti lọ́kọ, ọmọ ọlọ́mọ ló ń kọ́, tó bá ní kẹ́nikẹ́ni má gbọ́, kẹ́nikẹ́ni má gbọ́ náà nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ò fìkà sọ ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ jù fún ẹnìkan láti dá mọ́ra, àmọ́ ẹ bi í pé, "Ta ni mo lè bá sọ ọ́?", á dárúkọ ẹnìkan fún yín. Ní ti àwọn ìyá ìjọ, ẹ̀yin lẹ máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gbàdúrà láti ilé, èrò ò gbọdọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Irọ́ kọ́ o, torí kímò máa ń dín àwọn ohun tó ń bá àìsàn jà nínú ẹ̀jẹ̀ kù, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn dírípù tí wọ́n fi ń fa kímò sí i lára, ikọ́ ẹnìkan ṣoṣo lè gbé e dé wọ́ọ̀dù.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ ra tẹmómítà sílé. Tí ara ẹ̀ bá ti gbóná dé 38°C, kódà kó jẹ́ aago méjì òru, ẹ má pè é ní ibà, ẹ má fún un lóògùn ibà kẹ́ ẹ wá máa wò ó di àárọ̀, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀.

Àgbo tó dà nù, mo wà lẹ́yìn ẹ̀. Mi ò bá àgbo jà, inú ẹ̀ la dàgbà sí, àmọ́ ẹ̀dọ̀ tó ń bá kímò ṣiṣẹ́ náà lẹ tún fẹ́ da àgbo lé lórí, kò sì sẹ́ni tó wọn ohun tó wà nínú ìgò yẹn, òmíì lè ba iṣẹ́ oògùn jẹ́. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ gbé e han dókítà ẹ̀ ná.

Àmàlà ńkọ́? Kì í ṣe ọwọ́ yín ló kọ̀. Kímò máa ń yí imú àti ẹnu padà ni, oúnjẹ tó bá sì ń gbóná ni òórùn ẹ̀ máa ń le jù. Ẹ gbìyànjú ẹ̀kọ tútù, mọ́ínmọ́ín tó ti tutù, kẹ́ ẹ bù ú díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Tí ẹnu bá ń bó o, ẹ yọ ata kúrò pátápátá (mo mọ̀ pé ìyẹn ṣòro fún ará Ìbàdàn). Tó bá jẹ́ dírípù pupa ni wọ́n ń fún un, ìtọ̀ ẹ̀ lè pupa fún ọjọ́ kan sí méjì, àwọ̀ oògùn náà ni, ẹ má pariwo ẹ̀jẹ̀ sí i létí.

Ti ìyá yín tó kú. Nínú 100 jẹjẹrẹ ọyàn, bíi 5 sí 10 ló ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wá, bó bá sì jẹ́ ìdílé, bàbá náà lè gbé e fọ́mọ bí ìyá ṣe lè gbé e, ta ló yan ẹ̀jẹ̀ tó wọ̀ ọ́ lára? Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade tó kàwé dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí kó tó lọ sí Chicago, ọ̀pọ̀ ọdún ló ti ń wádìí bí jẹjẹrẹ ọyàn ṣe ń tẹ̀ lé ìdílé láàárín àwa èèyàn dúdú, kì í ṣe láti fi dá ìyá kankan lẹ́bi. Ẹ sọ ti ìyá yín fún dókítà, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Àti pé ẹ̀yin fúnra yín, ìgbà wo ni wọ́n yẹ ọyàn yín wò kẹ́yìn? Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún sìn ín lọ, ẹ béèrè.

Ẹ ò dárúkọ owó, àmọ́ mo mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀. Ẹ bi àwọn sóṣà wẹ́fíà ọsibítù nípa Cancer Health Fund, owó ìrànwọ́ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti ìjọba àpapọ̀, fún àwọn tí ọwọ́ wọn ò ká a ni, ti ọyàn sì wà nínú ẹ̀.

Ìsọ̀ yín, ẹ lọ ṣí i jàre. Ọjọ́ dírípù àti ọjọ́ méjì mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹ jókòó tì í, àwọn ọjọ́ yòókù tí ara ẹ̀ bá balẹ̀, ẹ gbé fóònù sítòsí kẹ́ ẹ máa tajà, kó lè dá nìkan sùn, kó dá nìkan sunkún tó bá wù ú. Tẹ́ ẹ bá ń jáde láàárọ̀, ẹ bi í pé kí lẹ máa bá a rà bọ̀, tó bá ní òun ò fẹ́ nǹkan kan, ẹ gbà bẹ́ẹ̀.