Nẹ́ẹ̀tì fàráńdà: èwo ni kí n rà, ṣé káfíńtà mi lè bá mi fi í?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìbàdàn la wà. Ilé wa ní fàráńdà níwájú, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fẹ̀ tó 8, ògiri kékeré tó dé orúnkún ló yí i ká, irin bọ́gúlárì wá wà lórí ògiri yẹn títí dé síílì. Màmá mi máa ń fẹ́ jókòó síbẹ̀ lálẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ torí ooru inú ilé, àmọ́ ẹ̀fọn ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ẹnì kan ní kí n ra nẹ́ẹ̀tì oníke aláwọ̀ ewé yẹn, ẹlòmíì ní àlùmíníọ́mù, ẹnì kẹta ní stainless ló máa pẹ́ jù, owó ẹ̀ sì ń bà mí lẹ́rù. Èwo ni kí n mú? Ṣé káfíńtà tó ṣe ilẹ̀kùn wa lè ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ bá mi kí màmá. Ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó o. Iṣẹ́ àlùmíníọ́mù àti nẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe, ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti pè mí pé nẹ́ẹ̀tì àwọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, tí mo bá débẹ̀, nẹ́ẹ̀tì yẹn ò ní ojú kan tó ya, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni ẹ̀fọn ń gbà. Ẹ̀fọn kì í bá nẹ́ẹ̀tì jà, ṣe ló máa rọra rìn lójú ẹ̀ títí á fi kan àlàfo láàárín férémù àti ògiri, á sì bọ́ sínú bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Torí náà bówó ò bá tó, ẹ kó o sórí férémù àti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wá fi nẹ́ẹ̀tì tówó ẹ̀ ò pọ̀ sí i. Àárọ̀ ọjọ́ kan la fi ń pààrọ̀ nẹ́ẹ̀tì, férémù tó bá wọ́ ni wàhálà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ti nẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀. Èyí tí mo máa fún yín ni fáíbà, okùn gíláàsì tín-ín-rín tí wọ́n fi rọ́bà bò lára, kì í dípẹtà, bí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ bá bà á, á fà wọlé á tún padà sáyè ẹ̀. Ọ̀tá ẹ̀ ni eyín eku àti èékánná ológbò, tẹ́ ẹ bá ń sin ológbò ẹ sọ fún mi, ó ní irú kan tó nípọn jùyẹn lọ. Oníke aláwọ̀ ewé yẹn ò burú fún ilé adìyẹ, àmọ́ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ń kọjú sí fàráńdà yín, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa fọwọ́ kàn án tí á máa rún bí ewé gbígbẹ. Àlùmíníọ́mù dúró ṣánṣán, ó rẹwà, ṣùgbọ́n ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó ti tẹ̀ nìyẹn, kò tún ní tọ́ mọ́, atẹ́gùn oníyọ̀ etí òkun sì máa ń jẹ ẹ́, ẹni tó wà ní Lẹ́kí tàbí Badagry ni kó máa bẹ̀rù ìyẹn, kì í ṣe èyin ará Ìbàdàn. Stainless dáa gan-an, mi ò ní parọ́, àmọ́ fún ibi tẹ́ ẹ wà yẹn, owó àṣejù ni. Tẹ́ ẹ bá ṣáà fẹ́ rà á, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání lọ sọ́jà, tó bá lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì yẹn gbáà, ẹ fura sí i, ó lè jẹ́ irin lásán tí wọ́n kùn ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni ojú nẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé rúlà dání, ẹ fi lé e, ẹ ka iye ihò tó wà nínú íǹsì kan. Èyí tó yẹ ni 18 sí ọ̀nà kan, 16 sí ọ̀nà kejì, ihò kọ̀ọ̀kan ò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ, ẹ̀fọn ò lè gbabẹ̀. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ mú 20 sí 20 torí kòkòrò tó kéré ju ẹ̀fọn lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ bí ihò bá ṣe ń kéré sí i ni atẹ́gùn náà á máa dínkù, atẹ́gùn náà sì ni màmá wá gbà níta, àbí? Ẹ mú 18 sí 16. Àwọ̀ dúdú ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe funfun, èèyàn máa ń rí ìta kedere látinú dúdú, funfun á máa ta yín lójú.

Ìwọ̀n ló wá kù, ibẹ̀ lèmi fúnra mi ti jẹ gbèsè rí. Ilé kan ní Akobo, mo wọn òkè nìkan mo lọ gé férémù méjìlá, mo gbé e débẹ̀, àṣé òpó yẹn yọ ikùn láàárín, ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ, ìka mi ń wọ àlàfo tó wà níbẹ̀. Mo fi fóòmù dí i, alángbá fà á yọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó ara mi ni mo fi tún un ṣe. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pílásítà bíríkìlà kankan. Ẹni tó bá fẹ́ bá yín ṣe é, kó wọn ìbú lójú mẹ́ta, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, kó wọn gíga náà lójú mẹ́ta, èyí tó kéré jù ni kó fi gé férémù, kó tún wọn ọ́n láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ tó dojú kọ ọ́, lọ́nà méjèèjì. Bí ìwọ̀n méjèèjì yẹn ò bá dọ́gba, àyè yẹn ti wọ́, kó yáa mọ̀ ọ́n láti ilẹ̀. Àlàfo kékeré tó bá ṣẹ́kù ni á fi sílíkónì dí.

Ẹsẹ̀ bàtà 12 yín yẹn, ẹ pín in sí mẹ́ta, kí férémù kọ̀ọ̀kan jẹ́ bí 4, kó sì ní ọ̀pá kan tó dábùú àárín. Ẹni tó bá ní òun á fi férémù kan ṣoṣo gbé e, ẹ má gbà fún un, tó bá ti fa nẹ́ẹ̀tì sí i, férémù á tẹ̀ sínú bí ọrun ọdẹ, àlàfo á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú irin bọ́gúlárì ni kí férémù wà, kì í ṣe ìta, skúrù àti fíṣà, ike kékeré tí wọ́n ń tì sínú ihò ògiri kí skúrù lè dì mú, ni kí wọ́n fi dè é mọ́ ògiri kẹ́ ẹ lè máa tú u fọ̀ tí ọyẹ́ bá ti bò ó, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Kí wọ́n má fi wáyà so nẹ́ẹ̀tì mọ́ irin o, bí àwọn wẹ́dà kan ṣe máa ń ṣe, ìsokúso nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni náà mọṣẹ́, ẹ wò ó nígbà tó bá ń fi nẹ́ẹ̀tì sí férémù. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ló yẹ kó tẹ́ férémù sí, kó gé nẹ́ẹ̀tì kó ju férémù lọ ní íǹsì méjì yíká, kó bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, kó máa fi táyà kékeré tó ní èèkù yẹn ti okùn rọ́bà wọ inú kòtò férémù. Kì í fi ọwọ́ fa nẹ́ẹ̀tì, rọ́bà yẹn fúnra ẹ̀ ló máa fà á le bó ṣe ń wọlé. Ẹni tẹ́ ẹ bá rí tó ń fà á bí ẹni fa awọ ìlù, ẹ sọ fún un kó rọra.

Káfíńtà yín lè ṣe é, kí ló dé? Kó fi igi ìrókò tàbí apá tó ti gbẹ dáadáa ṣe férémù, kì í ṣe àfàrá torí ikán, kó fi nẹ́ẹ̀tì sáàárín férémù àti igi pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó máa kàn mọ́ ọn yíká. Ìṣó kékeré lórí nẹ́ẹ̀tì lásán ò tó, ibi ìṣó yẹn ni á ti máa ya.

Ilẹ̀kùn: ó dáa kó ṣí síta, kẹ́ ẹ lè máa ti ẹ̀fọn tó bà sára ẹ̀ lọ dípò kẹ́ ẹ máa kó wọn wọlé. Àmọ́ ẹ wo ilẹ̀kùn irin yín ná, bí òun náà bá ń ṣí síta, ti nẹ́ẹ̀tì á ní láti ṣí wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á máa kọlu ara wọn. Kẹ́ ẹ fi sípíríńgì sí i kó máa padé fúnra ẹ̀, èyí tó rọra ń padé o, torí màmá, èyí tó le máa ń gbá àgbàlagbà lẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ fi pátákó àlùmíníọ́mù bí ẹsẹ̀ bàtà kan dípò nẹ́ẹ̀tì, torí ẹsẹ̀ ọmọdé àti ìwo ewúrẹ́, kẹ́ ẹ sì lẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́ abẹ́ ẹ̀ kó kan ilẹ̀. Ihò tí omi òjò ń gbà jáde lára ògiri kékeré yẹn, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí òun náà. Abọ́ tó wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó, ẹ da omi inú ẹ̀ nù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú nẹ́ẹ̀tì yín gan-an lẹ ti máa sin ẹ̀fọn.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò lè ṣe kí n má sọ. Ẹ má gbé jẹnẹ́rétọ̀ sínú fàráńdà yẹn pé nẹ́ẹ̀tì ni, atẹ́gùn ń wọlé. Èéfín ẹ̀ ń pa èèyàn, á sì gba ẹnu ilẹ̀kùn wọ pálọ̀. Nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì náà, ẹ má tú u o, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, ìgbà téèyàn bá ti sùn ló ń jẹun jù.

Tí wọ́n bá parí, ẹ má tíì san owó tó kù. Ẹ dúró kílẹ̀ ṣú, kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa sínú fàráńdà kó máa fi tọ ẹ̀gbẹ́ férémù lọ, kẹ́yin dúró síta. Ibikíbi tí iná bá ti yọ láàárín férémù àti ògiri, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kẹ́ ẹ pè é kó wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì.