Ọba Tó Forí Sọ Àtẹ́rígbà ní Amboise

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọmọ mi tó ń kọ́ nípa ìtàn sọ fún mi pé ọba ilẹ̀ Faransé kan kú nítorí pé ó forí sọ ẹnu ọ̀nà nínú ààfin ara rẹ̀ ní ìlú Amboise, àti pé ìlú yìí kan náà ni sàréè Leonardo da Vinci, ayàwòrán olókìkí nì, wà. Ọmọ Ítálì ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ti ọba. Ti sàréè ni ó gba àlàyé.

Etí odò Loire ni Amboise wà, orí àpáta tó ga ju ìlú lọ ni ààfin rẹ̀ sì dúró sí. Ní 1434 ni Ọba Charles Keje gbẹ́sẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí ọmọ ọmọ rẹ̀, Charles Kẹjọ, sí ní 1470. Charles Kẹjọ fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ ńlá méjì tí ọ̀nà inú wọn fẹ̀ débi pé ẹlẹ́ṣin lè gùn ún láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìsọ̀kalẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1498, bí òun àti Olorì Anne ti ń lọ wòran eré bọ́ọ̀lù kan tí a lè pè ní baba tẹ́níìsì òde òní, ó forí sọ àtẹ́rígbà ọ̀nà kan tó rẹlẹ̀. (Àwa tí a sọ ọ́ ní àtẹ́rígbà kúkú mọ̀ pé orí ni à ń tẹ̀ kí a tó gba abẹ́ rẹ̀.) Kò kọ́kọ́ jọ nǹkan kan, ó wòran, ó sì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, àfi bí ó ti ṣubú lójijì, tí ó sì kú lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ ọdún 27 ni, kò sì ní ọmọ kankan láyé, ni adé bá bọ́ sọ́wọ́ ìbátan rẹ̀, Louis Kejìlá.

Ní ti Leonardo, ọmọ Ítálì ni lóòótọ́. Ọba François Kìíní ni ó pè é wá ní 1516, tí ó sì fi í sí ilé kan tí à ń pè ní Clos Lucé, tí kò jìnnà sí ààfin. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 1519, wọ́n sì sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Florentin nínú ọgbà ààfin. Ṣùgbọ́n wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù nínú ààfin pẹ̀lú, nítorí pé kò sí owó àtúnṣe. Ní 1863 ni wọ́n hú eegun kan jáde ní ojú ibẹ̀, tí wọ́n gbà pé tirẹ̀ ni. Àwa kò ní búra lé e lórí.

Ilé àdúrà kékeré Saint-Hubert, nínú ọgbà ààfin náà, ni eegun náà wà báyìí. Charles Kẹjọ ni ó kọ́ ọ, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀: Saint-Denis, lẹ́bàá Paris, ni wọ́n gbé e lọ sin sí.