Kí ló dé tí kòtò tí ìjọba ti dí lójú títì márosẹ̀ tún máa ń yọ?

Omi ló sábà máa ń fà á: wọ́n dí kòtò, àmọ́ wọn ò dí ọ̀nà tí omi ń gbà wọ ìsàlẹ̀ títì. Bí ìpìlẹ̀ bá ti rin, ọkọ̀ akẹ́rù á tẹ ojú ọ̀nà rì. Kí àtúnṣe tó lè pẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ gé etí kòtò dé ibi tó ṣì le, kí wọ́n gbá a, kí ó gbẹ, kí wọ́n fi ọ̀dà pa ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó da ọ̀dà gbígbóná olókùúta sí i ní ìpele-ìpele, kí ẹ̀rọ sì tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí gọ́tà bá dí, owó tí wọ́n ná sí àtúnṣe yẹn á bómi lọ. Ibi tó bá ti sán bí àwọ̀n kì í gba dídí. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa tún ṣe.