Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ẹ Má Fọwọ́ sí Owó Gbọ́múlélántà Yẹn

Ìyá kan n'Ìbàdàn, tó ń ta ẹ̀lùbọ́ lọ́jà Bódìjà, ló kọ̀wé sí mi. Ó pe ara rẹ̀ ní Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Píráímárì 6; àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì ń bọ̀ ní Píráímárì 4 àti 2. Iléèwé aládàáni kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Bíríkìlà ni baálé ilé, òjò ò sì jẹ́ kó ríṣẹ́ ṣe dáadáa. Owó táàmù àkọ́kọ́ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú ìwé àti yúnífọ́ọ̀mù, lé ní ₦250,000. ₦80,000 ló rí kó nídìí àjọ. Wọ́n ṣì jẹ iléèwé náà ní ₦45,000, iléèwé sì ti mú èsì ìdánwò ọmọ obìnrin yìí mọ́wọ́. Ọkọ ní kí ìyàwó lọ gba ₦150,000 lọ́wọ́ gbọ́múlélántà, àwọn tó ń yáni lówó èlé, kó máa san ₦7,500 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Ìyá ọkọ ní kò sí ọmọ ọmọ òun tó máa lọ sí iléèwé ìjọba, káyé má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá béèrè pé: "Àǹtí, ṣé kí n gba owó náà? Tí mi ò bá gbà á, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ mi tó ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ń padà bọ̀?"

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ẹ má gba owó náà. Iléèwé ìjọba ni kí ẹ mú àwọn ọmọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. ₦7,500 lọ́nà mẹ́rìnlélógún jẹ́ ₦180,000. ₦30,000 ti wọlé èlé nìyẹn, ká má tíì ka ohunkóhun tí wọ́n bá yọ kí owó tó dé ọwọ́ yín. Èlé yẹn gan-an kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í san án nínú oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n ń wọlé, ó di oṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀ kí ẹ tó san án tán. Oṣù Kìíní sì ni táàmù kejì. Gbèsè táàmù àkọ́kọ́ á ṣì wà lọ́rùn yín tí wọ́n á fi máa béèrè owó táàmù kejì lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Níbo lẹ ti fẹ́ rí ìyẹn, bí kò ṣe lọ́dọ̀ gbọ́múlélántà mìíràn? Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́jà mọ̀ pé ọjọ́ ìpàdé wọn kì í yẹ̀, ọjà tà o, ọjà ò tà o. Ọjọ́ tí ẹ ò bá rí tiyín san, àwọn obìnrin tó ṣe onídùúró fún yín ni wọ́n máa yí sí. Owó tí ẹ fi ń ra ẹ̀lùbọ́ mìíràn ló máa kọ́kọ́ bá a lọ, oúnjẹ ilé á tẹ̀ lé e.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ìfẹ́ ọmọ ọmọ ló ń mú wọn sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọn fúnra rẹ̀ lọ jókòó tì wọ́n. Kó rán wọn létí pé oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alágbàṣe wọ iléèwé ìjọba láìsan owó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di tíṣà, nọ́ọ̀sì àti lọ́yà. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2004 náà sọ pé láti Píráímárì 1 títí dé JSS 3, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ yín ni ẹ lọ gbà yẹn, kì í ṣe sàráà. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ ti wo ilé yín, ẹ sì mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Mi ò ní tàn yín o: iléèwé ìjọba kan ò rí bí èkejì. Ẹ wá àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà níbẹ̀, ẹ béèrè bóyá tíṣà ń wá, bóyá ọmọ pọ̀ jù ní kíláàsì, bóyá ṣáláńgá wà tí ọmọbìnrin lè wọ̀ tí ojú ò ní tì í. Iléèwé tí ọmọ ò ní sọdá títì ńlá kó tó dé wù mí ju èyí tó lórúkọ lọ. Ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé kí wọ́n tó wọlé, nítorí àyè máa ń kún, ẹ sì béèrè gbogbo ìwé tí wọ́n máa gbà.

Àwọn méjì tó kù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ rò. Tí ẹ bá mú ọmọbìnrin nìkan kúrò, tí àwọn ọkùnrin méjèèjì ń bá iléèwé aládàáni lọ, ohun tó máa yé e ni pé nítorí pé òun jẹ́ obìnrin ni. Kò sí àlàyé tó lè yọ ọ́ lọ́kàn rẹ̀, ó lè gbé e dàgbà. Tèmi ni pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ bọ́ sí iléèwé ìjọba lọ́dún yìí.

Kí ni ẹ fẹ́ sọ fún un? Òótọ́ ni, kí ẹ sì sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ jọ pè é lálẹ́, nígbà tí àwọn àbúrò rẹ̀ bá ti sùn. Ẹ lè sọ pé: "Ọmọ wa, owó iléèwé yẹn ju agbára wa lọ lọ́dún yìí. Kì í ṣe pé o ò mọ̀wé, kì í sì í ṣe pé o ṣẹ̀ wá. Iléèwé mìíràn ni ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ ń lọ, a ó sì jọ lọ wò ó." Ẹ má ṣe ìlérí pé ó máa padà síbẹ̀ táàmù tó ń bọ̀. Ẹ má sì sọ pé àwọn kan ò tiẹ̀ rí èyí. Tó bá ń sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún. Ọ̀rẹ́ ló ń pàdánù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé lẹ́yìn Píráímárì 6, kálukú ló máa ń gba ọ̀nà tirẹ̀. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà, àwọn kan ń lọ sí ibòmíràn. Ẹ bá a gba nọ́ńbà àwọn ìyá wọn, kí wọ́n lè máa rí ara wọn.

Ohun kan wà tí ẹ ò mẹ́nu bà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bí ìyá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Nǹkan oṣù lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà nínú ọdún yìí. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún un kó tó wọlé, kó má jẹ́ ẹnu àwọn ọmọ kíláàsì ló ti máa gbọ́ ọ. Ẹ fi páàdì àti pátá kan sínú àpò báàgì rẹ̀, kó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà iléèwé náà láàárọ̀ kan, ní àkókò tó máa máa lọ gan-an. Ẹ ti máa jí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí ní àkókò tí wọ́n máa máa jí. Oorun ìsinmi máa ń ṣòro já.

Nínú ₦80,000 yẹn, ẹ kó ₦20,000 lọ bá ẹni tó ni iléèwé tí wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa san ìyókù, ẹ gba ríṣíìtì, ẹ sì bẹ̀ ẹ́ fún èsì ọmọ yín. Owó lọ́wọ́ ń bẹ̀bẹ̀ ju ẹnu lọ. ₦60,000 tó kù wà fún yúnífọ́ọ̀mù, bàtà àti ìwé. Ẹ gba orúkọ ìwé kí ẹ tó rà á. Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ ṣí i wò, kó má jẹ́ pé wọ́n ti kọ ìdáhùn sínú rẹ̀. Kí télọ̀ fi ìṣẹ́tí tó gùn sílẹ̀, kó ṣeé tú lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ gbé aṣọ náà lọ kíákíá, kí àwọn télọ̀ tó kún fún iṣẹ́.

Dípò ₦7,500 fún gbọ́múlélántà, ẹ máa dá àjọ ₦3,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún á fún yín ní ₦48,000 kí táàmù kejì tó dé. ₦25,000 á parí gbèsè yẹn, ₦23,000 á kù.

Kí ẹ tó bá ọmọ sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ má bú u pé kò rówó. Òjò ló dá iṣẹ́ dúró, ó sì ń tì í lójú. Ẹ fi ìṣirò yìí hàn án, kí ẹ jọ kà á. Tí wọ́n bá ti wọlé tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ̀wé sí mi, kí n gbọ́ bí ọmọ wa ṣe ń ṣe níbẹ̀.