Ẹ má dá nìkan ru gbèsè ilé

Ẹ kú ìrọ́jú, arábìnrin mi. Ẹ ní ẹ̀yin àti ọkọ yín jẹ gbèsè káàkiri, pé láti ọdún tó kọjá lẹ ti ń san án bọ̀, ẹ ò ra aṣọ, ẹ ò jáde lọ síbì kankan, síbẹ̀ gbèsè náà dúró gbagidi bí ẹni pé ẹ ò san nǹkan kan. Ẹ wá béèrè ohun tó fà á tí kò fi dín, èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ san, àti bí èèyàn ṣe ń ṣe é tí ọkàn rẹ̀ ò fi ní rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ tún ń rò ó bóyá kí ẹ fi pa mọ́ fún àwọn ọmọ. Ilé tiwa náà la irú rẹ̀ kọjá. Àìsàn ló kó wa sínú gbèsè, iṣẹ́ tún bọ́ lọ́wọ́ bàbá àwọn ọmọ mi láàárín ìyẹn, a sì fi ọdún púpọ̀ san án kó tó tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, ara wa la fi kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìṣirò bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì ti ń wá. Ẹni tó rò pé gbèsè lòun ń san, tó sì jẹ́ pé èlé nìkan ló ń san, ó di dandan kó rẹ̀ ẹ́. Ká ní gbèsè kan jẹ́ 1,000 nínú owó ìlú yín, kí èlé rẹ̀ sì jẹ́ 2% lóṣù. Èlé oṣù àkọ́kọ́ á jẹ́ 20. Tí ẹ bá ń san 20 lóṣooṣù, ẹ ó máa san án títí ayé ni, ìdí owó, ìyẹn owó tí ẹ yá gan-an láìka èlé mọ́ ọn, ò ní yẹ̀. Tí ẹ bá ń san 25, yóò gbà yín ju oṣù 81 lọ, ìyẹn sún mọ́ ọdún méje, èlé tí ẹ ó san á sì ju 1,000 tí ẹ yá lọ. Tí ẹ bá sọ ọ́ di 40, oṣù 35 ni, gbogbo èlé rẹ̀ á wà ní bíi 400. Tí agbára yín bá gbé 60, kò ní kọjá oṣù 21, èlé rẹ̀ á sì jẹ́ bíi 230. Ẹ wo àárín 25 àti 40 yẹn dáadáa. 15 péré ló fi jù ú lọ, àmọ́ ó gé bí ọdún mẹ́rin kúrò nínú ìyà.

Ìgbà tí mo rí ìṣirò yìí ni ṣíṣọ́ owó ná tó ní ìtumọ̀ lójú mi. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá fi nǹkan du ara mi, ó kàn ń dùn mí ni. Lẹ́yìn ìyẹn, tí mo bá yọ owó kékeré kan kúrò lára ìnáwó, mo mọ iye oṣù tó ń bá wa gé kúrò. Ẹ bi ẹni tó yá yín lówó kọ̀ọ̀kan pé: nínú iye tí mo san lóṣù tó kọjá, èló ló bọ́ sórí èlé, èló ló bọ́ sórí ìdí owó? Ẹ̀tọ́ yín ni láti mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ka èlé. Ẹlòmíì á ní 10% péré lòun ń gbà lọ́dún, àmọ́ orí odidi 1,000 tí ẹ yá lákọ̀ọ́kọ́ ni yóò máa kà á lé títí ọdún á fi pé, bó tiẹ̀ jẹ́ pé oṣooṣù lẹ ń dá lára owó náà padà fún un. Tí ẹ bá fi oṣù 12 san irú gbèsè bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ ń san gan-an sún mọ́ 18% lọ́dún. Èyí tó ní 2% lóṣù náà, ẹnu á pè é ní 24% lọ́dún, àmọ́ tí ẹ ò bá san nǹkan kan, èlé á máa gorí èlé, á sì lé ní 26% kí ọdún tó yí po. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín o. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló lè fi gbèsè kan wé èkejì.

Ní ti èwo lẹ ó kọ́kọ́ san, ẹ ya àwọn tó lè lé yín kúrò nílé sọ́tọ̀, àti àwọn tó lè mú kí wọ́n gé iná tàbí omi yín, àti èyíkéyìí tí ẹ fi nǹkan ṣe ìdógò lé lórí. Ìwọ̀nyẹn ni kò gbọdọ̀ yẹ̀, bí èlé wọn tilẹ̀ kéré. Lórí àwọn ìyókù, ẹ san iye tó kéré jù lọ tí wọ́n ní kí ẹ san, kí owó ìtanràn má bàa wọ̀ ọ́, kí ẹ wá kó gbogbo àṣẹ́kù lé ẹyọ kan lórí. Àwọn tó mọ ìṣirò á ní kí ẹ mú èyí tí èlé rẹ̀ pọ̀ jù, òótọ́ ni wọ́n sì sọ, òun ló ń gba owó lọ́wọ́ yín jù. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ mú èyí tó kéré jù kí ẹ tètè rí ẹyọ kan tó tán. Èrò tèmi ni pé tí èlé wọn bá jìnnà síra, ẹ gbọ́ ti àwọn oníṣìrò. Tí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ mú èyí tó kéré, torí inú dídùn tó máa bá yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fagi lé e yóò gbé yín gba oṣù púpọ̀ kọjá. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ọjọ́ tí ọ̀kan bá tán, owó tí ẹ ń san lé e kò gbọdọ̀ padà sínú ìnáwó ilé. Kó kọjá sórí èkejì lóṣù yẹn gan-an. Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń tú u dà nù nìyẹn: ọwọ́ á dẹ̀ wọ́n díẹ̀, wọ́n á sì fi owó náà ra nǹkan mìíràn láwìn.

Tí ẹ bá rí i pé owó oṣù kan ò ní pé, ẹ lọ bá olówó kí ọjọ́ tó kò. Ẹni tó wá fúnra rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ojú tí wọ́n fi ń wò ó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń wo ẹni tó ń sá, tí kì í gbé fóònù. Ẹ sọ iye tí ẹ lè san, kí ẹ má ṣe fi ìtìjú sọ ohun tó ju agbára yín lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ àdéhùn tuntun náà sílẹ̀ kí ẹ tó san ohunkóhun. Wọ́n gé èlé kù fún wa níbì kan, wọ́n sì sún ọjọ́ síwájú fún wa níbòmíì. Ibì kan wà tí wọn ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa rárá, a sì fara da ìyẹn. Ní ti owó ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ tí kò ní èlé, ẹ má jẹ́ kó di ohun tí ẹ ò lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ máa fún wọn ní díẹ̀, kí ẹ sì máa sọ iye tó kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó fún òun kí òun tó bá yín pa gbèsè rẹ́, ẹ sá fún un. Yíyá owó tuntun láti fi san ti àtijọ́ bọ́gbọ́n mu tí èlé tuntun bá kéré ní tòótọ́, tí àkókò sísan rẹ̀ kò gùn débi tí èlé á tún fi pọ̀, tí ẹ sì ti ti ilẹ̀kùn àwìn àtijọ́ pa. Tí ẹ ò bá tì í, méjèèjì lẹ ó jọ máa san.

Ó kan ṣíṣọ́ owó ná. Mo rí i pé àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun kékeré, wọ́n á fi ohun ńlá sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo owó ilé, owó ọkọ̀, àti gbogbo owó tó ń yọ fúnra rẹ̀ láti inú báńkì lóṣooṣù. Ẹ tẹ́ ìwé báńkì oṣù mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ sì fagi sí ohun tí ẹ ò lò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, tí ẹ bá lè kó lọ sí ilé tó kéré sí ti báyìí láìjẹ́ kí owó ọkọ̀ lé sí i, oṣù kan ìyẹn lè ju ọdún kan tí ẹ fi ń du ara yín ní ohun mímu lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá dé orí àwọn kékeré. Nínú iná, ohun tó ń mú nǹkan gbóná ló ń jẹ owó jù, àwọn bí áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ tó ń sè omi. A máa ń lọ gbogbo aṣọ ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a sì ń se ìwọ̀n omi tí a fẹ́ lò nìkan. Gílóòbù LED tó ń jẹ bíi wáàtì 9 ń tan ìmọ́lẹ̀ tó tó ti gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, owó tí ẹ fi rà á á padà wá. Tí ẹ bá fẹ́ lọ rajà, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà sílẹ̀, kí ẹ jẹun kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì máa wo iye tí ìwọ̀n kan náà jẹ́ lára àpò ńlá àti àpò kékeré, torí ti ńlá kì í sábà wọ́n ju ti kékeré lọ, àmọ́ ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ohunkóhun tí kì í ṣe kòṣeémáàní, a máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a. Ìgbà púpọ̀ la kì í tún rántí rẹ̀ mọ́. Bó ti wù kí ẹ máa kánjú san gbèsè tó, ẹ fi owó díẹ̀ pa mọ́ fún pàjáwìrì. Tí fóònù bá bàjẹ́ tí kò sí nǹkan nílẹ̀, inú àwìn náà lẹ ó padà sí.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ló wà lọ́kàn mi jù nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń sú yín yẹn kì í ṣe àìní owó nìkan, dídá nìkan rù ú wà níbẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kan lóṣù tí ẹ̀yin àti ọkọ yín yóò máa jókòó ti ìwé, kó má jẹ́ òru tí ó ti rẹ ẹ̀yin méjèèjì, kó má sì jẹ́ ọjọ́ tí ẹ ti bínú síra yín tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ owó gún ẹnì kejì lára títí oṣù á fi yí po, àfi tí pàjáwìrì bá dé. Kí olúkúlùkù sì ní owó kékeré tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní bi í bó ṣe ná an. Bó ti wù kó kéré tó, ẹ má fagi lé e. Ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa kò jẹ́ lórí gbèsè ńlá rárá. Orí ìbéèrè bíi "èló lo ra èyí?" ló máa ń jẹ́. Láti ọjọ́ tí a ti ya owó kékeré yẹn sọ́tọ̀ ni ìjà náà ti dín kù.

Ẹ wá ilé mìíràn tó ń san gbèsè lọ́wọ́, ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó lè pa àṣírí mọ́. A rí tọkọtaya kan bẹ́ẹ̀. Ní ìparí oṣù a máa ń pe ara wa: èló lẹ san, èló ló kù, kí ló fẹ́ bà á jẹ́ lóṣù yìí? Òfin kan ṣoṣo tó wà láàárín wa ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yá ẹnì kejì lówó, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe onídùúró fún ẹnì kejì. Òfin yẹn ló jẹ́ ká lè máa sọ òótọ́ fúnra wa. Oṣù kan wà tí a kò rí ju èlé san. Ojú tì mí láti sọ ọ́. Ìyàwó yẹn kàn dáhùn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, gbèsè yín ò lé sí i." Mi ò mọ̀ pé a lè wò ó báyẹn. Láti ìgbà náà, tí mo bá fẹ́ gba ẹlòmíì níyànjú, mo máa ń wá ohun kan tó ṣe tó jẹ́ òótọ́, èyí ni mo ń kí i fún. Mi ò ń béèrè mọ́ pé ṣé ó ti san án tán.

Ẹ mọ̀ pé àárín ló le jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, agbára wà. Ní ìparí, ẹ ti ń rí òpin. Láàárín, kò sí ìròyìn, kò sí ohun tuntun, owó ń lọ ṣáá. Ìgbà yẹn ni kí ẹ má pa ìpè yẹn jẹ, kódà tí kò bá sí nǹkan kan láti sọ.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ sọ fún wọn, ní ìwọ̀n ọjọ́ orí wọn. Wọn kò nílò láti mọ iye owó, wọn kò sì gbọdọ̀ di ẹni tí ẹ ń sunkún fún. Ẹ kàn sọ pé a ń san owó kan tí a jẹ, owó wà fún oúnjẹ àti ilé ìwé, àwọn nǹkan kan máa dúró ná, kì í sì í ṣe ẹ̀bi yín. Àwọn ọmọ ti ń rí i pé ojú yín kọ́rẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì lè máa rò pé àwọn ni wọ́n ṣẹ̀ yín. Nígbà tí a sọ fún tiwa, èyí àgbà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pa iná yàrá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Tí ẹ̀yin àti ọkọ yín bá ti jókòó, ẹ kọ gbèsè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, iye tó kù, èlé rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ san án. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ má dárúkọ olówó kankan, ká jọ tò ó. Ẹ kí ọkọ yín fún mi, ẹ ní mo ní ó kú iṣẹ́.