Irú ọta ráífù wo ni ó yẹ kí ọdẹ fi pa ẹtu?

Ọta tí kì í tètè fọ́ káàkiri nínú ara ẹran, tí eré rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, ni ó yẹ ẹtu jù lọ. Ẹtu kékeré inú igbó Ẹ̀pẹ́ kì í sábà wúwo ju nǹkan bí kílò 10 lọ. Bí ọta fúyẹ́fúyẹ́ tó ń sáré gan-an bá bà á léjìká, ó lè ba apá iwájú rẹ̀ jẹ́ débi pé ẹran tí ọdẹ yóò gbé relé kò ní tó nǹkan. Ọta òjé tí bàbà bò títí dé ṣónṣó orí máa ń dá ihò kékeré, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń gba inú ẹran kọjá, nítorí náà ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹran náà kí ó tó yìnbọn, pàápàá nítòsí oko àti abúlé. Ẹ̀yìn èjìká, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà, ni kí ó dojú ìbọn kọ. Ẹtu tí ọta bá bà níkùn lè sá jìnnà kí ó tó kú.

Nínú igbó dídí, ìbọn tí ń tú ọta wẹ́wẹ́ ni ó wọ́pọ̀ ju ráífù lọ. Ìwé àṣẹ ṣe pàtàkì fún èyíkéyìí nínú wọn.