Ìyẹ̀fun àwọ̀ wo ni kí n rà kí páìpù èéfín tánkì ogun oníke mi, tó jẹ́ 1/35 (ìdá kan nínú márùndínlógójì tánkì gidi), lè jọ irin tó ti dógùn-ún?

Ra ìyẹ̀fun burnt sienna (àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n díẹ̀), raw umber (àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú) àti dúdú díẹ̀. Irin tó dógùn-ún kì í ní àwọ̀ kan ṣoṣo, nítorí náà pò wọ́n mọ́ra lọ́nà tí kò dọ́gba. Ṣọ́ọ̀kì ayàwòrán tí o rin lórí sáǹdípépà náà dára gan-an. Èyí tó ní òróró kò wúlò, kì í di ìyẹ̀fun.

Kọ́kọ́ fọ́n fánííṣì acrylic tí kì í dán sí i, torí ara tó ń dán kì í di ìyẹ̀fun mú. Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, gbígbẹ, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí o wá fi ṣónṣó búrọ́ọ̀ṣì kan white spirit (omi tí a fi ń po ọ̀dà olóròóró) sí etí rẹ̀: ìyẹ̀fun náà á fà á mu fúnra rẹ̀. Má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, yóò di ẹrẹ̀. Bí o bá fọ́n fánííṣì lé e lórí níkẹyìn, púpọ̀ nínú àwọ̀ náà á pòórá.